Kí ló ń mú kí orúkọ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lára bírò àti àmì ẹ̀yẹ? Bí oníṣẹ́ lésà ṣe lè to àwòrán sójú àyè rẹ̀ láì ba ọjà oníbàárà jẹ́

Ẹ jẹ́ ká wo irú iṣẹ́ tó máa ń dé ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ lésà. Oníbàárà kan gbé 100 bírò wá. Ó fẹ́ kí wọ́n fín orúkọ ọkọ àti ìyàwó pẹ̀lú ọjọ́ ìgbéyàwó sára wọn. Ọjọ́ Sátidé ni ayẹyẹ, Ọjọ́bọ̀ sì lòní.

Ẹ̀rọ lésà kì í pẹ́ rárá lórí bírò kan, torí náà iṣẹ́ yìí kò yẹ kó fa wàhálà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ṣí ẹ̀rọ lẹ́yìn 20 àkọ́kọ́, orúkọ ti yà sápá òsì lára mẹ́jọ. Lára mẹ́ta, orúkọ gun irin tí wọ́n fi ń kọ́ bírò sápò. Lára méjì, orúkọ dojú kodò.

Bí bírò kan bá jẹ́ ₦1,500, mẹ́tàlá tó bàjẹ́ yìí ti di ₦19,500. Ó ṣeé ṣe kí èrè orí gbogbo iṣẹ́ náà má tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ohun tí lésà bá ti fín, kò sí rọ́bà tó lè pa á rẹ́.

Irú ṣọ́ọ̀bù báyìí ti wà láwọn ìlú ńlá káàkiri Nàìjíríà àti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Wọ́n ń fín orúkọ sára ife, kíhóódà, ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ, pátákó àmì ẹ̀yẹ àti ẹ̀bùn ìrántí tí wọ́n ń pín níbi ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ìparí ọdún. Ní ìlú bíi Aba, níbi tí àwọn oníbàtà àti oníbáàgì pọ̀ sí lọ́jà Ariaria, àti ní Kano tí òkìkí iṣẹ́ awọ rẹ̀ ti kàn tipẹ́, àmì ilé iṣẹ́ tó jókòó dáadáa lára ọjà lè mú kí oníbàárà kà á sí ojúlówó. Èyí tó wọ́ lè mú kó rò pé ayédèrú ni.

Kí wá ni ọ̀nà àbáyọ? Àlàyé rèé lórí bí àwòrán inú kọ̀ǹpútà ṣe lè bọ́ sí ojú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́ lára ọjà, yálà ẹyọ kan ni tàbí ẹgbẹ̀rún.

Kí ni ẹ̀rọ lésà ń ṣe gan-an?

Lésà jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n kó jọ sójú kan títí tó fi lágbára láti jó nǹkan. Onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, Theodore Maiman, ló kọ́kọ́ ṣe èyí tó ṣiṣẹ́ lọ́dún 1960. Lọ́dún 1964, Kumar Patel, onímọ̀ ọmọ bíbí India tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà, ṣe èyí tó ń lo afẹ́fẹ́ carbon dioxide. Irú èyí, tí wọ́n ń pè ní CO2, ló wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó ń gé pákó, perspex àti awọ lónìí.

Ẹ̀rọ CO2 kì í fín irin tí kò ní ọ̀dà, àmọ́ ó lè bó ọ̀dà kúrò lára bírò onírin tí wọ́n kùn. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní fiber ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò fún irin fúnra rẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló ń darí gbogbo wọn. Oníṣẹ́ á ya àwòrán nínú CorelDRAW, Inkscape tàbí Adobe Illustrator, á wá fi sọ́fítíwíà bíi LightBurn, RDWorks tàbí EZCAD fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé ẹ̀rọ yìí kò lójú. Kò mọ̀ bóyá bírò ló wà níwájú òun tàbí tábìlì òfìfo. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju pé: lọ sí mìlímítà 120 sápá ọ̀tún àti 45 sókè, kí o tanná síbẹ̀. Bí bírò kò bá sí níbẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ̀bi ẹ̀rọ kọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní jig?

Ẹni tó ń fi ojú wọn bírò lọ́kọ̀ọ̀kan ń gbé àwòrán lọ bá ọjà. Ó lè ṣe é kó dára fún ẹyọ mẹ́ta. Tó bá fi máa dé orí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ojú á ti rẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó ní jig ti yí ọ̀rọ̀ náà padà. Àwòrán ló dúró sójú kan, ọjà ló ń lọ bá a níbẹ̀.

Jig jẹ́ pátákó pẹlẹbẹ, tó lè jẹ́ plywood, MDF, perspex tàbí páálí líle, tí wọ́n gé ihò sí lára ní ìrísí ohun tí wọ́n fẹ́ fín. Ẹ ó ki bírò bọ ihò, kò ní lè rìn sí ibì kankan. Àwòrán pátákó yìí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, tó ń fi ojú ihò kọ̀ọ̀kan hàn, ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní template.

Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun. Ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù ní mọ́ọ̀dù, télọ̀ ní bébà tó fi ń gé aṣọ. Àwọn aládìírẹ ẹlẹ́kọ l'Abẹ́òkúta náà ń fi páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára tẹ ẹ̀kọ sórí aṣọ, kí ọnà ìgbà àkọ́kọ́ àti ti ìgbà ogún lè bára mu.

Nǹkan mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ fẹnu kò

Àwòrán, pátákó àti òdo ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ bára wọn mu. Bí ọ̀kan bá yà, àwọn méjì tó kù kò lè gbà yín.

Àkọ́kọ́ ni àwòrán. Ohun tó jẹ́ mìlímítà 40 nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ jẹ́ 40 lórí tábìlì ẹ̀rọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò nípa gígé onígun mẹ́rin mìlímítà 100 sára páálí, kí ẹ sì fi rúlà wọ̀n ọ́n.

Èkejì ni pátákó. Kò gbọdọ̀ mì, kò sì gbọdọ̀ wọ́. Bí jig tó gùn tó mìlímítà 300 bá fi dígírì kan péré wọ́, orúkọ tó wà ní ìparí rẹ̀ á fi mìlímítà 5 yà kúrò lójú ọ̀nà. Lára bírò tí ìbú rẹ̀ kò ju mìlímítà 10 lọ, ìyẹn túmọ̀ sí pé orúkọ ti bọ́ sí ẹ̀bá.

Ẹ̀kẹta ni òdo ẹ̀rọ, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ti ń ka ìwọ̀n rẹ̀. Nínú LightBurn, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí ẹ lè gbà sọ fún ẹ̀rọ níbi tó ti máa bẹ̀rẹ̀:

Current Position: ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ níbi tí orí rẹ̀ bá wà lásìkò náà. Ó rọrùn fún iṣẹ́ ẹlẹ́yọ kan. Àmọ́ bí ọwọ́ bá gbá orí ẹ̀rọ, gbogbo iṣẹ́ ti sún nìyẹn.

User Origin: ẹ̀yin lẹ máa yan ibi ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ á sì rántí rẹ̀.

Absolute Coords: ibi tí nǹkan wà lójú kọ̀ǹpútà náà ló máa wà lórí tábìlì ẹ̀rọ.

Fún jig, Absolute Coords ló bọ́gbọ́n mu jù, bí ẹ̀rọ yín bá ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wá òdo rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tan án. Ti àwọn ẹ̀rọ fiber tó ń fi dígí darí iná yàtọ̀ díẹ̀: àárín gbùngbùn àyè tí lẹ́ńsì wọn lè dé ni òdo wọn wà. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni kí jig wà lójú kan náà lábẹ́ lẹ́ńsì nígbà gbogbo.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin?

Ẹ jẹ́ ká padà sórí 100 bírò wa. Ká ní tábìlì ẹ̀rọ yín jẹ́ mìlímítà 600 sí 400.

1. Ẹ wọn ọjà. Ẹ lo kálípà, kí ẹ má gbára lé rúlà. Ẹ má wọn ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ wọn márùn-ún ó kéré tán, torí àwọn tó jáde látinú páálí kan náà lè tóbi jura wọn lọ díẹ̀. Èyí tó tóbi jù lẹ máa gé ihò fún.

2. Ẹ ya ihò kan. Ẹ rántí pé iná lésà fúnra rẹ̀ ní ìbú. Lára plywood mìlímítà 3, ó sábà máa ń jẹ nǹkan bíi 0.1 sí 0.3 mìlímítà. Nítorí náà, ihò tí ẹ bá yà ní 10 á fẹ̀ díẹ̀ ju 10 lọ. Ẹ kọ́kọ́ gé ihò kan sára àfọ́kù pákó, kí ẹ fi bírò sínú rẹ̀ wò. Bó bá le jù, ọwọ́ á pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá dẹ̀ jù, bírò á máa yí.

3. Ẹ gé àyè fún irin ìkọ́. Bírò rí roboto, ó lè yí sí ibi tó wù ú. Bí ẹ bá gé àyè kékeré fún irin rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò, ọ̀nà kan ṣoṣo ni bírò lè gbà wọlé. Orúkọ kò ní dojú kodò mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń tò ó.

4. Ẹ fi orúkọ sí àárín ihò yẹn nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ mú orúkọ, kí ẹ wá mú ihò gbẹ̀yìn, kí ẹ tó tẹ ibi tí wọ́n fi ń to nǹkan sáàárín. Nínú LightBurn àti CorelDRAW, ohun tí ẹ bá mú gbẹ̀yìn ló máa dúró, èyí tó kù ló máa rìn lọ bá a. Bí ẹ bá ṣe é ní òdìkejì, ihò ló máa kúrò níbi tí ẹ fi sí.

5. Ẹ pín wọn sí lẹ́yà méjì. Ihò á wà lórí lẹ́yà gígé, orúkọ á wà lórí lẹ́yà fífín. Wọn á fi àwọ̀ yàtọ̀ síra, àmọ́ inú fáìlì kan náà ni wọ́n máa wà.

6. Ẹ sọ ọ́ di ogún. Ẹ lo Grid Array nínú LightBurn láti pín in sí ọ̀wọ́ méjì, mẹ́wàá nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí àlàfo láti bírò kan sí èkejì bá jẹ́ mìlímítà 18, gbogbo rẹ̀ á gba nǹkan bíi mìlímítà 300 ní ìbú àti 180 ní gíga. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún péré lẹ máa kún un tí 100 á fi pé.

7. Ẹ gé jig náà lórí ẹ̀rọ tó máa lò ó, kí ẹ má sì gbé e kúrò. Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ de pátákó mọ́lẹ̀, ẹ gé ihò, ẹ kó àfọ́kù inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì fi pátákó sílẹ̀ síbi tó wà. Bí ẹ̀rọ yín bá tiẹ̀ ní àléébù kékeré, tó ń fi ìwọ̀nba díẹ̀ wọ́, ihò àti orúkọ á jọ wọ́ bákan náà, wọn á sì tún bára mu.

8. Ẹ pa lẹ́yà gígé. Ẹ yọ àmì Output kúrò níwájú rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ihò lọ sórí lẹ́yà T1, èyí tí LightBurn máa ń fi hàn lójú kọ̀ǹpútà láì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Ẹni tó bá gbàgbé ìgbésẹ̀ yìí lè gé ẹ̀gbẹ́ ogún bírò lẹ́ẹ̀kan náà.

9. Ẹ dán an wò lórí tépù bébà. Ẹ lẹ tépù mọ́ bírò mẹ́ta: ti igun àkọ́kọ́, ti àárín àti ti igun ìkẹyìn. Ẹ fi iná kékeré fín wọn. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó dáadáa, ó dájú pé àwọn tó kù láàárín náà á jókòó. Bí ti àkọ́kọ́ bá dára, àmọ́ tí ìkẹyìn yà, jig ti wọ́ nìyẹn tàbí kí ìwọ̀n àwòrán máà péye.

Báwo ni orúkọ ṣe lè tóbi tó lára nǹkan roboto?

Iná lésà ní ibi tó ti mú jù. Bí ojú nǹkan bá jìnnà sí i tàbí sún mọ́ ọn jù, ìlà á fẹ̀, á sì ṣú.

Lára bírò tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 10, bí lẹ́tà bá ga ní mìlímítà 3, òkè àti ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà kàn fi nǹkan bíi 0.2 mìlímítà rẹlẹ̀ ju àárín lọ. Ìyẹn kò lè fa wàhálà. Àmọ́ bí oníbàárà bá ní kí lẹ́tà ga tó mìlímítà 8, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á fi mìlímítà 2 rẹlẹ̀, kò sì ní mọ́ bíi ti àárín. Ẹ ṣàlàyé èyí fún un kí ẹ tó gba owó.

Fún ife tí àwòrán máa yí ká, jig pẹlẹbẹ kò tó. Irinṣẹ́ tó ń yí ife lábẹ́ iná, tí wọ́n ń pè ní rotary, lẹ máa nílò.

Nígbà tí àárín kì í ṣe àárín

Nígbà mìíràn, sọ́fítíwíà á sọ pé àmì ilé iṣẹ́ ti wà láàárín, àmọ́ ojú á rí i pé ó yà. Kí ló fà á?

Sọ́fítíwíà kì í wo àwòrán bí ènìyàn ṣe ń wò ó. Ńṣe ló máa ń ya àpótí yí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ká, á wá gbé àpótí náà sí àárín. Bí ẹni tó ya àmì náà bá gbàgbé tóótó kan sí ìkángun, tàbí tó fi onígun mẹ́rin funfun tí ojú kò rí sẹ́yìn rẹ̀, àpótí á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wo àwòrán náà ní ìrísí ìlà nìkan, èyí tí CorelDRAW ń pè ní Wireframe. Ohun tó fara pamọ́ á yọjú. Ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tó to ohunkóhun.

Orúkọ tó ní àmì ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí èdè wa ní àmì lókè àti tóótó nísàlẹ̀ gan-an. Kò yọ Yorùbá sílẹ̀, kò yọ Ìgbò tó ní ị, ọ àti ụ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò yọ Hausa tó ní ɓ, ɗ àti ƙ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ilé ẹ̀kọ́ kan l'Abuja ní kí ẹ fín orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sára àmì ẹ̀yẹ. Ada wà níbẹ̀, Ọla wà níbẹ̀, Ngozi náà wà níbẹ̀. Lẹ́tà ńlá wọn ga ní mìlímítà 4. Ada kò ní ohunkóhun nísàlẹ̀. Ọla ní tóótó tó fi mìlímítà kan wá sísàlẹ̀. Ìrù g wà nínú Ngozi.

Bí ẹ bá fi àpótí to orúkọ kọ̀ọ̀kan sí àárín, lẹ́tà Ọla á fi ìdajì mìlímítà ga ju ti Ada lọ, torí tóótó yẹn ló ń tì í sókè. Bí wọ́n bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ẹnikẹ́ni lè má rí i. Àmọ́ tí wọ́n bá to gbogbo àmì ẹ̀yẹ náà sórí tábìlì kan ṣoṣo lọ́jọ́ ayẹyẹ, á hàn pé orúkọ ń fò sókè sódò.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí ẹ ya ìlà kan sórí template, kí ìdí gbogbo lẹ́tà jókòó lé e. Ẹ fi irinṣẹ́ ìtòjọ to orúkọ sí àárín láti òsì sí ọ̀tún nìkan. Ní ti òkè àti ìsàlẹ̀, ìlà yẹn ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kí tóótó àti ìrù g máa lọ sísàlẹ̀ ìlà bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ìwé.

Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe gbogbo fọ́ǹtì ló mọ àmì wa. Àwọn kan á gbé àpótí òfìfo síbi tí ẹ́ tàbí ọ̀ yẹ kó wà, òmíràn á sì gbé àmì ohùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà. Fọ́ǹtì bíi Noto àti Charis SIL gbé àmì wọ̀nyí dáadáa. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yẹ orúkọ wò, ẹ sọ ọ́ di ìlà kí ẹ tó gbé fáìlì lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Convert to Curves ni CorelDRAW ń pè é, Convert to Path ni ti LightBurn. Bẹ́ẹ̀ ni fọ́ǹtì kò ní yí padà lọ́nà.

Bí orúkọ bá pọ̀, LightBurn lè kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan látinú fáìlì CSV. Ẹ rí i pé CSV UTF-8 lẹ yàn nígbà tí ẹ ń fi pamọ́ sínú Excel, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àmì orí lẹ́tà lè di ọ̀rọ̀ tí kò yé ẹnikẹ́ni.

Yorùbá ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ọmọ tó gba àmì ẹ̀yẹ kan ṣoṣo nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ lè gbé e kọ́ sára ògiri títí ọjọ́ alẹ́. Kò yẹ kí orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ àṣìṣe lórí rẹ̀.

Fáìlì dé, ìwọ̀n rẹ̀ yí padà

Oníbàárà lè fi àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pé mìlímítà 40 ni, kó dé ọ̀dọ̀ yín ní 30. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa.

Fáìlì SVG tí Illustrator bá ṣe máa ń ka 72 sí ínṣì kan. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà mìíràn ń ka 96. Bí èyí tó ń ka 96 bá ṣí fáìlì 72, gbogbo nǹkan á dín kù sí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Inkscape náà ń ka 90 tẹ́lẹ̀ kó tó yí sí 96 nínú ẹ̀yà 0.92 tó jáde lọ́dún 2017, torí náà fáìlì àtijọ́ lè fa irú wàhálà kan náà.

Ẹ bi oníbàárà léèrè ìwọ̀n àmì rẹ̀ ní mìlímítà, kí ẹ sì fi wé ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà yín.

Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ta pátákó àmì ẹ̀yẹ fún yín ló fún yín ní template, ẹ má fà á, ẹ má sún un. Ẹ tì í pa pẹ̀lú Lock, kí ẹ to àwòrán tiyín sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lásán ní ìwọ̀n 100%, kí ẹ sì gbé bébà náà lé ọjà lórí. Ẹ rí i pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò fún un pọ̀ láti bá bébà mu. Bébà kan ló ná yín, àmì ẹ̀yẹ kan sì ni ẹ gbà là.

Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí kò ṣeé fojú fò lórílẹ̀èdè tí iná mànàmáná kì í ti í dúró.

Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ á gbàgbé ibi tí orí rẹ̀ wà. Ẹni tó ń lo Current Position ti pàdánù ibi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí fojú wọ̀n ọ́n. Àmọ́ ẹni tó ní jig tó dúró gbọn-in, tó ń lo Absolute Coords, kò ní ìṣòro bẹ́ẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, ẹ̀rọ á lọ wá òdo rẹ̀, gbogbo ihò á sì wà níbi tí fáìlì sọ pé wọ́n wà.

Ẹ má fọwọ́ kan jig, ẹ má sì yọ bírò kankan. Ẹ mú orúkọ àwọn tí kò tíì ṣe nìkan nínú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì lo Cut Selected Graphics kí ẹ̀rọ má bàa tún fín àwọn tó ti parí. Èyí tó wà lábẹ́ iná nígbà tí iná lọ ló lè nílò àyẹ̀wò, torí bí ẹ bá fín in lẹ́ẹ̀mejì, apá kan lè jìn ju èkejì lọ.

UPS tàbí ínfátà tó lè gbé ẹ̀rọ títí ìyípo kan á fi parí lè gbà yín lọ́wọ́ àdánù yìí.

Ṣé kámẹ́rà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí?

Àwọn ẹ̀rọ kan ní kámẹ́rà tó ń fi tábìlì hàn lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ lè gbé àwòrán lé ọjà lórí. Ó wúlò fún awọ tí ìrísí rẹ̀ kò bára mu, tàbí fún iṣẹ́ ẹlẹ́yọ kan.

Àmọ́ ìwọ̀n gíga kan ni wọ́n ti ṣètò kámẹ́rà fún. Bí ọjà bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, kámẹ́rà tó ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ á rí i níbi tí kò sí. Bí kámẹ́rà bá ń wo ọjà ní dígírì 30, tí ọjà sì fi mìlímítà 10 ga jù, àṣìṣe náà lè tó mìlímítà 5 sí 6.

Fún nǹkan tí wọ́n ti tẹ àwòrán sí lára tẹ́lẹ̀, bí awọ tàbí sítíkà, LightBurn ní Print and Cut. Ẹ ó tẹ àmì méjì tó jìnnà síra mọ́ iṣẹ́ náà. Ẹ ó fi orí ẹ̀rọ tọ́ka sí ìkíní, lẹ́yìn náà sí èkejì. Sọ́fítíwíà á fi méjèèjì mọ bí awọ ṣe wọ́ tó, á sì yí iṣẹ́ náà láti bá a mu.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fi sínú ẹ̀rọ

Ẹ má fi PVC sínú ẹ̀rọ lésà láé. Bí iná bá kàn án, ó ń tú afẹ́fẹ́ hydrogen chloride jáde, èyí tó ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró ní jàǹbá, tó sì ń mú kí irin ẹ̀rọ dípẹtà. Ọ̀pọ̀ awọ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń rán báàgì àti bàtà jẹ́ PVC. Bí ẹni tó tà á kò bá lè sọ ohun tó jẹ́, ẹ má gbà á.

Iná CO2 kò ṣeé fi ojú rí, àmọ́ ó lè ba ojú jẹ́. Awò tí wọ́n ṣe fún irú lésà tí ẹ ń lò gan-an ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe awò oòrùn. Ẹ ṣí ojú ọ̀nà fún èéfín, ẹ gbé ohun èlò ìpaná sítòsí. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ lọ jẹun, nítorí plywood àti perspex tètè ń gbaná.

Kí ẹ tó tẹ Start

Ẹ fi fọ́tò ẹyọ àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé orúkọ àti ọjọ́ péye. Àṣìṣe lẹ́tà tó bá jáde lẹ́yìn ìyẹn kò ní di ìjà. Ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹyọ díẹ̀ lé iye tó fẹ́, torí kò sí oníṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣì.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ má da jig nù. Ẹ fi lésà kọ orúkọ ọjà, orúkọ fáìlì àti ọfà tó ń fi igun òsì nísàlẹ̀ hàn sára pátákó náà fúnra rẹ̀. Ẹ kan pákó méjì mọ́ tábìlì ẹ̀rọ ní ìrísí L, kí igun yẹn lè máa padà síbi kan náà. Fi bírò ìgbà mìíràn sí i, fín tépù mẹ́ta wò, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀.

Bí oníbàárà mìíràn bá wá dé ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ pẹ̀lú 100 bírò fún ọjọ́ Sátidé, ẹ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí fojú wọ̀n ọ́n. Ara ògiri ni jig yín wà.